Ẹ Padà Wá Ka Alùpùpù Kambolé

Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Àwọn Obìnrin,
Ọjà Kambolé,
Àgbègbè Tchamba,
Togo.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Ìdókòwò Ibùdó Iná Alùpùpù,
Kouloundè,
Sokodé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ IYE ALÙPÙPÙ TÍ Ẹ KÀ NÍ KAMBOLÉ, ÀTI ÌJẸ́WỌ́ PÉ ÀWA LA KÓ WỌN PAMỌ́

1. Èmi ni Mìsìtúrà Àkànó, alága àwọn obìnrin tó ń rí sí ìmọ́tótó ní Kambolé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lórí iṣẹ́ náà, kò sì sí àlejò tó wọ ìlú yìí tó rí ìdọ̀tí sọ. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

2. Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé àlejò mẹ́ta ń bọ̀ láti Sokodé ní ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, láti wo ilẹ̀ tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún ibùdó tí a ó ti máa fi iná sí bátìrì alùpùpù oníná. Kò sọ pé wọ́n fẹ́ ka alùpùpù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú èyí. Bí a bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ níhìn-ín, ilẹ̀ la máa ń gbá. A gbá ojú ọjà láti àárọ̀ kùtù. Àwọn onísẹ́mì, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Tchamba, ti to alùpùpù wọn síwájú ilẹ̀ náà bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Mo pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìwé. Mẹ́tàlélógójì ni. A fi ọ̀rá ńlá tí a fi ń sá àgbàdo bò wọ́n, kí ojú àlejò má baà rí rúdurùdu.

3. Àwọn àlejò yín dé, wọ́n ka mẹ́rin. Ọ̀kan jẹ́ ti Àsíìsì, ẹni tó ń lẹ táyà fún gbogbo ìlú tí tirẹ̀ kò sì ní táyà láti èṣí, a kò lè tì í kúrò níbẹ̀. Mẹ́ta tó kù, bí ojú mi bá ríran dáadáa, èyí tí àwọn fúnra wọn gùn wá ni. Ọ̀gbẹ́ni Sàídù tó ṣáájú wọn bi mí bóyá bí ìlú ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Orí mi wú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

4. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìpinnu yín dé. Ẹ kí wa pé Kambolé mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ kò lè dókòwò síbi tí alùpùpù kò tó ogún, kí àwọn oníná tiwa máa lọ gba iná ní Tchamba. Mo dúpẹ́ fún ìkíni náà. Ìyókù ni n kò fara mọ́.

5. Alùpùpù oníná mọ́kànlá ló wà ní Kambolé báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti Àṣàbí, ọmọ mi obìnrin. Òun ló ń gbé iṣu àti àgbàdo wa lọ sí ọjà Tchamba, òun náà ló ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá fi máa dé Tchamba, iná ti ń tán lọ. Á jókòó sí ibùdó títí di ìrun Alásárì kó tó lè padà wálé. Bó ṣe gbọ́ ìpinnu yín, ó lọ wá yàrá sí Kouloundè lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, níbi tí ibùdó iná ti súnmọ́ ilé. Ó ní bí a bá ti túnu ààwẹ̀, òun ń kó lọ. Òun nìkan ló kù sílé pẹ̀lú mi. Kò bá mi jà. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ gbá òun jáde. Ó dùn mí.

6. Ilẹ̀ náà ṣì wà. Òpó iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olóyè wa ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, àwọn tó ń ti ilẹ̀ Benin wá sí ọjà sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bàbá Yúnúsà tó ni ín kò béèrè ju pé kí ẹ kọ́ ibi ìṣàlùwàlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìrun má baà kọjá lórí àwọn tó ń dúró de iná.

7. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ rán Ọ̀gbẹ́ni Sàídù padà kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹ má kọ lẹ́tà ṣáájú, kó kàn dé ni. Mo ti kó gbogbo ìgbálẹ̀ ìgbìmọ̀ sínú yàrá kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ Àṣàbí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ti ọmọ mi ni ọ̀kan, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí kò ní gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà,

Mìsìtúrà Àkànó,
Alága Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Àwọn Obìnrin, Kambolé.