Nọ́ọ̀sì Eyín Tún Pè

Bàbá Oyin,

Kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ka èyí. Nọ́ọ̀sì eyín tó wà ní Alápẹ̀rẹ̀ tún pè láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ ṣì ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n ń rán wa létí pé ó ti tó àkókò kí wọ́n bá yín fọ eyín. Nọ́ńbà mi lẹ fún wọn, ẹ sì ní kí n máa sọ pé ẹ rìnrìn àjò. Ó ní, "Mọ́mì, Dádì ò tíì dé láti Ìlọrin ni?" Ojú tì mí. Mo ní ilé lẹ wà, pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ má bínú.

Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì yín lánàá. Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó yọ eyín mi mẹ́ta lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2011. Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi mu ògì lásán. Kò sẹ́ni tó rán mi létí nígbà náà.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí yín. Bí wọn ò bá rí yín, wọ́n á pè. Mo ti lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fi fóònù mi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé Ìlọrin lẹ wà.

Ìyá Oyin