Sí Ọmọ Mi Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sùn

Rẹ́jísítà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Mi ò ní béèrè bóyá o sùn dáadáa, bí gbogbo bàbá ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ, torí mo mọ̀ pé o ò sùn, ìyá rẹ mọ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀, ojú wa ló ṣe. Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa bá ọ ṣọ́ orí rẹ, àmọ́ Òun nìkan ni iṣẹ́ àìsùn yẹ. Àmín.

Ara àwa náà le. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè dìde kó má pe orúkọ mi. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan fi àgbọ̀n jọ akọ̀wé kóòtù, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin kan ló gbé e, ó ní nọ́ńbà tí mo ń pè kò lọ, kí n tún un pè tó bá yá. Mo kí i dáadáa, mo béèrè ibi tí o wà, ó tún ní nọ́ńbà tí mo ń pè kò lọ. Mo béèrè ọmọ ta ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é, kò yí gbólóhùn kan padà, kò sì rántí pé a ti jọ sọ̀rọ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ jọ ń díje lórí tẹlifíṣọ̀n ni, wọn ò tíì jẹ́ kí òun náà sùn. Tí o bá rí i, ní kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta gan-an ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ a ti kún ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ fọ́fọ́, torí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ nìkan ló tóbi tó láti gba ojú rẹ tán. Akọ̀wé kóòtù ló wà lórí àga, onígbàjámọ̀ sì ti fá apá ọ̀tún orí rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi ọ́ hàn. Láti ìgbà náà ni abẹ ti dúró. Ojú rẹ pọ́n bí ojú ẹni tó bá èéfín jà. Àwọn tó kù ti já sílẹ̀, ìwọ nìkan ló kù. Ọkùnrin tó ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta nínú wọn ti ń kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú àárọ̀ kí wọ́n tó mú un jáde.

Ọkùnrin tó ń darí ètò náà, tí àwa níbí ń pè ní Dídán nítorí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni àwọn ń ṣe lórí ìfaradà ọpọlọ àti ìmúdúró ìrántí ọmọ ẹ̀dá. Mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi sọ ọ́. Ohun tó fẹ́ sọ ò ju pé wọ́n fi ọgbọ̀n nǹkan hàn ọ́ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní o ò gbọdọ̀ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o wá dárúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn láìfò kankan. Ó ní ẹni tó bá kà á pé yóò gba mílíọ̀nù márùn-ún. Mo mọ̀ pé àsọdùn ni. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé wa fi ogún ọdún gbáko wà lójúfò, ago tíì kan ni wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, ago náà ò sì ní ọwọ́.

Ó wá bi ọ́ bí o ṣe fẹ́ rántí. O ní tíṣà ni bàbá rẹ, pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, abẹ́ tábìlì mi lo máa ń jókòó sí tí mo bá ń pe rẹ́jísítà, títí o fi mọ orúkọ ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì mi bí ẹní mowó. O ní ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi hàn ọ́, orí ìjókòó ọmọ kọ̀ọ̀kan lo gbé e sí. Ọmọ mi, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún. Kò dọ̀tí.

O bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí wà lọ́dọ̀ ọmọ aránṣọ. Agboòrùn wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́nu-bí-Aago. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ èyí tó máa ń sunkún tó bá ti di ìṣirò. Bí o ṣe ń pè wọ́n ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń bá wọn jẹ́. O dé orí ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, àtùpà ni, o ò fo ẹyọ kan. Ó wá ku ìjókòó ọgbọ̀n.

O mọ ẹni tó ni ín. Olóorun ni, ọmọ tí mo fi odidi ọdún kan jí, tí mò ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé: ó wá, kò sí níbẹ̀. Olóorun yìí náà ló di onígbàjámọ̀, òun ló ni tẹlifíṣọ̀n. O ní Olóorun, ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé, ó gbórí lé apá. Bí o ṣe ń sọ ọ́ ni orí tìrẹ náà ń lọ sílẹ̀, o gbórí lé apá, ojú rẹ pa dé. Oorun ogún ọdún sẹ́yìn ló ràn ọ́ yẹn.

Dídán bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá tó kù fún ọ bọ̀ láti ogún. Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Onígbàjámọ̀ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ọ́ pé òun ti jí o, pé agogo mẹ́fà àárọ̀ lòun ń ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Èmi ò pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní tèmi, èmi kì í ṣe òpè. Mo ti kà á nínú ìwé pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà wá, inú àwo irin orí òrùlé ló sì ń gbà wọlé. Ọ̀nà téèyàn gbà lọ ló ń gbà bọ̀. Mo jáde síta, mo gun àga, mo kọjú sí àwo náà, mo sì fi ohùn kíláàsì pè ọ́. Wọ́n ní o mira.

Ìyá rẹ ò ka ìwé kankan lórí afẹ́fẹ́. Ó ní òun tí òun bí ọ lòun mọ ohun tó ń jí ọ lọ́jọ́ iléèwé. Ó ní kí wọ́n na abọ́ omi ìfárí sí òun, akọ̀wé kóòtù nà án sí i, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ọ lójú. Kí n má purọ́, o gbórí sókè. O la ẹnu. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti ṣe fáà, ó rú èéfín, ó kú.

A ò mọ ohun tí o sọ títí di òní. Mo wá bi wọ́n léèrè kí ni ohun ọgbọ̀n náà, torí gbogbo wa la jọ rí i lọ́jọ́ kìíní. Èèyàn méjìdínlógún tó ń sùn hanrun nílé ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n! Akọ̀wé kóòtù ní kọ́kọ́rọ́ ni, pé ọpọlọ òun kì í gbàgbé ohun tó bá wọ àkọsílẹ̀. Mo bi í pé fìlà rẹ̀ dà, ó wá a títí, orí itan rẹ̀ ló wà. Onígbàjámọ̀ ní ìyarun ni. Èmi ní ìwé ni. Ìyá rẹ ní bọ́tìnnì ni, bọ́tìnnì funfun oníhò mẹ́rin. Mo ní kó jókòó, ìyá ọmọ kì í ṣe olùdánwò.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o bá wa ṣe ò ju owó tí a ó fi tún tẹlifíṣọ̀n yìí ṣe lọ. Onígbàjámọ̀ ò bínú sí ìyá rẹ, akọ̀wé tó na abọ́ omi ló ń bá jà. Ó ní òun ò ní fá apá òsì orí rẹ̀ àfi tí tẹlifíṣọ̀n bá tàn. A kì í sì í dé fìlà nínú kóòtù. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ẹlẹ́jọ́ ti ń rẹ́rìn-ín níwájú adájọ́.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa lánàá nígbà tí fóònù mi dún. Báńkì ló kọ̀wé, wọ́n ní o fowó ránṣẹ́. Mo wo iye rẹ̀. Ọmọ mi, márùn-ún lo tẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n odo mẹ́fà ló tẹ̀ lé e. Ó yé mi. Oorun gbé ọ lọ nígbà tí ìka rẹ ṣì wà lórí odo. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi rí, pẹ́ńsù á máa lọ, ẹni tó dì í mú á ti sùn. Kódà níbi tí o ti yẹ kí o kọ ohun tí owó wà fún, ọ̀rọ̀ kan péré lo kọ: bọ́tìnnì.

Àtìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń jó, kò rántí orúnkún mọ́. Ó ní o ti borí. Mo ní kó rọra, ẹ̀rí ò tó. Ohun tó hàn ni pé o padà rántí bọ́tìnnì, bóyá lójú ọ̀nà ilé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán. Ó dùn mí fún ọ. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Dídán. Mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà àtijọ́: ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Mo sì ti dé báńkì láàárọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan owó náà, ọmọ mi ń sùn lọ́wọ́ ni. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé dìde dúró, ó fọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ kú oríire. Wọ́n lọ́yàyà púpọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, lọ sùn. Tí o bá jí, tí ojú rẹ wálẹ̀, wá kọ iye tó wà lọ́kàn rẹ gan-an. Mo ń dúró dè ọ́. Olúwa yóò fún ọ ní oorun tí kò ní ìbéèrè nínú, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń pe orúkọ níbi ire, wàá jẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ gbàgbé: onígbàjámọ̀ ní kí n kí ọ. Ó wá sílé wa lánàá, ó dúró lẹ́yìn mi títí mo fi ṣí rẹ́jísítà náà dé orí orúkọ rẹ̀, ó ní kí n wo ojú òun dáadáa. Mo wò ó. Mo ti tún un kọ: ó wá, ojú rẹ̀ là.