Iṣu Tí Mo Kó Sójú Ọ̀nà Mọ́ládé

Èmi Àpọ́nlé, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ni mo ń kọ ohun tí Bàbá Àríyọ̀ ń sọ sí ọmọ wọn Fadékẹ́, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Íbàdàn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, n kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìwé tún tiwọn ṣe. Wọn ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n ní fóònù kì í jẹ́ kí àwọn kí ènìyàn tán kó tó kú.

Fadékẹ́, Àyìnkẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé omi ibẹ̀ bá ọ lára mu? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, àti àwọn òbí wọn tí mi ò mọ̀? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé yóò mú ọ délé. Ìwé tí ò ń kà, orí rẹ yóò gbé e.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o má máa fi gààrí nìkan tan ara rẹ jẹ. Àgùtàn rẹ̀ bí ìbejì. Iṣu ta lọ́dún yìí, àgbàdo náà kò dójú tì wá. Ìjímèrè tó ń ti igbó ìjọba wá ti jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ́ kù fún wa tó wa.

Ọ̀rọ̀ Àwáwù ló jẹ́ kí n pe olùkọ́ wá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, àbúrò mi, ti kú, ọwọ́ mi ló wà, mi ò sì fi í ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ìwé dé pé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ti gbà á, tí gbogbo ilé ń yọ̀, èmi ni mo ní kò ní í lọ. O bínú, o ní nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ṣe fi í ṣe ẹni ẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Tí a bá ń ṣe àárò, tí a kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, tí a kọ ti ẹlòmíràn lọ́la, Àwáwù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀: òun ló ń pọ́n ọkọ́, òun ló ń bu omi. Tó bá sì kan oko tirẹ̀, gbogbo wa là ń lọ, ebè rẹ̀ kì í kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Mo wá ń bi ara mi pé n'Íbàdàn, ta ló mọ̀ ọ́n? Ta ni yóò dúró dè é lórí àtẹ̀gùn?

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí o fi pè wá, pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ lo máa ń wà nínú yàrá kan tí wọ́n ti ń jókòó sọ ohun tó ń dun ọkàn ẹni. Kí n tó bi ọ́ pé kí ló dé, fóònù ti kú. Mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ wò mí. Nílùú yìí, kò sí ẹni tó ń lọ jókòó rojọ́ níwájú àgbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àfi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì tán. Mo ní ọmọ mi ti ṣẹ̀. A kì í sì í béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ẹni kí a tó bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo wa iṣu tí ojú ń wò, mo pe àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ayọ̀, nítorí ó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, Gbọ́láhàn fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa, ó di Ìbàdàn.

A ò bá ọ. Wọ́n ní ẹ ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò nílé ìwé kan lẹ́yìn ìlú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í dùn ún bẹ̀ lójú ẹni tó ṣẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ṣe àtẹ̀gùn síwájú ilé tí yàrá náà wà, wọ́n sì fi símẹ́ńtì ṣe ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́jú, tó ń rọra gòkè. Mo yìn wọ́n. Mo ní àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé bàbá àgbẹ̀ yóò wá, wọ́n ti ṣe ọ̀nà bárò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo to gbogbo iṣu sí, láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, bí ìgbà tí wọ́n bá tò ó lọ́jà Ṣakí.

Nínú ilé, wọ́n ya ọwọ́ oríṣiríṣi sára ògiri, gbogbo rẹ̀ di ara wọn mú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan rí bí ewé. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ pé ọwọ́ ta ni, ó ní ọwọ́ gbogbo wa ni, pé gbogbo ènìyàn ló dọ́gba níbẹ̀. Mo ní mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rí bí ewé ní gbogbo Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n tó bá wá, a óò kí i. Ó wá ní kí n jókòó tẹ̀lé ọmọdébìnrin kan, torí pé ọmọ náà ló kọ́kọ́ dé. Èmi! Mo ní ìdọ́gba yìí ti wá kan irùngbọ̀n. Ìyá Ayọ̀ ní kí n jókòó jàre, pé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í mú irùngbọ̀n dání.

Nígbà tó kàn wá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Ìyá Ayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n fojú fò ọ́, pé ọmọdé ló ń ṣe ọ́. Obìnrin tó ni yàrá náà ta gìrì, òun náà kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀wọ́ dìde, pé ìwọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, tàbí èyí tí wọ́n bá fojú tẹ́ńbẹ́lú, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń wá sọ tẹnu rẹ̀, ìwọ lò ń gbọ́. Mo ní Fadékẹ́ wo? Èyí tí a máa ń pè nílé tí kì í gbọ́?

A ṣì ń rẹ́rìn-ín ni ẹnì kan pè láti ìta pé ta ló ni iṣu. Mo jáde tayọ̀tayọ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ oko ni. Obìnrin kan ló jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní Mọ́ládé lorúkọ òun, pé olùkọ́ yín lòun, pé iṣu náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òun ń gbà wọlé ni Bàbá sọ di ọjà. Ojú tì mí, Fadékẹ́. Mi ò dúró de Gbọ́láhàn. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀nà ti ń ṣí ló ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé mi, títí ó fi dé òkè. Ó wọlé bíi ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó gbé e. Mo wo símẹ́ńtì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àárò ni wọ́n fi mọ ọ́n, bí a ti ń ṣe fún Àwáwù lóko.

Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìṣẹ́yìn, Ìyá Ayọ̀ bi mí pé kí ni mò ń rò. Mo ní iṣu ni mo ṣì ń gbé kúrò lọ́nà.

Tí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn apakoríko. Má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ òjò. Ní ìjọ́sí tí òjò rọ̀, Ojúọlápé oní-POS ní owó rẹ kò tíì wọlé, pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo mọ̀ pé ó ti tutù lọ́nà ni.

Wo ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá dáadáa. Mi ò rán an níṣẹ́. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, àti ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ tuntun, kò sì ní í bá Gbọ́láhàn padà, ìwé lòun náà wá kà. Má jẹ́ kó pàdánù àsìkò ìrun rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín iṣẹ́ rẹ̀ kù nítorí ẹsẹ̀. Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé yóò ta bí iṣu ọdún yìí.

Mo fi iṣu díẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ́ládé. Sọ fún Gbọ́láhàn pé orí àtẹ̀gùn ni kó gbé e gbà.

Àmì àtàǹpàkò Bàbá Àríyọ̀ nìyí.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Ìyá Ayọ̀, Gbọ́láhàn awakọ̀, tó ti gbọ́ ti àtẹ̀gùn.