Bátìrì Ló Kú, Kì Í Ṣe Bàtà Mi

Bódìjà, Ìbàdàn,
Oṣù Kẹta, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi Adégbìtẹ́,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Màámi ń kí yín. Orúnkún wọn ti ń san.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀ ló ń bí mi nínú. Bí a bá ti pa á, gbogbo ètò tí mo ṣe sí i ló máa ń gbàgbé. Bí a bá tún tàn án, á ní ọdún 1980 la wà. Ọ̀gá ní torí pé mo wọ bàtà wọ yàrá rẹ̀ ni, àfi bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni! Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. N kò tọrọ. Mo ti ka ìwé tó bá a wá: bátìrì inú rẹ̀ ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Olúwa á máa ṣọ́ yín. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fi í sí i, bàtà gogoro ni màá wọ̀ wọlé.

Àbúrò yín,
Sẹ̀gilọlá.