Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Sinmi

Ọkọ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ búrẹ́dì tí ò ń ṣe, mo kí ọ̀gá rẹ àti iná ààrò yín. Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ọ fún ibi, wọn ò ní bá ọ níbẹ̀. Gbogbo ilé wà, àfi òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ṣì ń jò. Bàbá rẹ ní òun máa kàn án, o sì mọ bàbá rẹ, káfíńtà tí ilé ara rẹ̀ ń jò.

Nígbà tí a gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ kóra jọ sójú títì, pé kí Bàbá Ara Ògiri sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìjọba, ẹnu yà wá. Kí n tó lọ́kọ ni wọ́n ti gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbogbo ọ́fíìsì, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ni fóònù dákẹ́. Wọ́n ní ìjọba ti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa, mo bá ní kí bàbá rẹ gbé àkàbà àti òòlù, kó gun òpó gíga ẹ̀yìn ilé ìwé lọ ṣí i, ṣebí òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí bàbá rẹ rọra máa lọ sílé, pé ẹni tó tì í kò sí nítòsí.

Nígbà tí fóònù jí, onígbàjámọ̀ pè mí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí n jókòó ná. Ìwọ ni mo rí nínú fóònù rẹ̀. O wọ aṣọ funfun tí o fi ń po ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ, èjìká òsì rẹ sì ga ju tọ̀tún lọ, bí o ṣe máa ń sáré láti kékeré. Àwọn ológun ń bọ̀ lẹ́yìn yín. O kọjá ṣọ́ọ̀bù kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ó ku díẹ̀ kó o yà nígun ilé, ni fóònù bá dá ọ dúró. Mo ní kó jẹ́ kó o yà, ó ní ibi tó parí sí nìyẹn. Ó tún fọwọ́ kàn án, o tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá gẹrun ló ń fọwọ́ kàn án. Inú bí mi. Mo ní ṣé wọn ò rí i pé ó ti rẹ ọmọ náà ni, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ jẹ́ kó mí. Onígbàjámọ̀ wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó ki fóònù bọ àpò.

Ní báyìí, wọ́n ní Bàbá Ara Ògiri ti wọ bàálù sá lọ. Wọ́n ti yọ àwòrán rẹ̀ nílé ìwòsàn, àmọ́ nọ́ọ̀sì àgbà ṣì ń tẹríba fún ojú ògiri yẹn kó tó jókòó. Àwọn ará àdúgbò ń jó ijó ayọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Akọni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, ohùn wọn á rẹlẹ̀, wọ́n á máa wolẹ̀. Ìyàwó télọ̀ tiẹ̀ kí mi pé mo kú ará fẹ́ra kù. Mo bú u títí ó fi sunkún. Mo ní òkú ta ló rí? Bàbá rẹ wà lẹ́yìnkùlé. Pákó kan ló ń fá ṣáá, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó wọn gígùn rẹ̀, ó tún ń fá a lọ.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fowó ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe pé ebi ń pa wá. Èyí tí kò tó nǹkan ni kó o fi ránṣẹ́, mi ò ní ná an. Ọmọbìnrin tó ń bá èèyàn gbowó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè fowó rẹ ránṣẹ́ àyàfi ìwọ fúnra rẹ, pé tó bá ti wọlé báyìí, orúkọ rẹ ló máa jáde lójú ẹ̀rọ òun. Láràárọ̀ ni mo ń lọ jókòó tì í.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi kò ní sin ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ