Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Káńsù Rí Kí A Tó Kọ́ Ọ

Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Dúrósinmí ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo láyà láti kọ lẹ́tà sí ọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà ní ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò tíì tó ẹni tí í kọ lẹ́tà, Tíṣà Oyèlékè sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má kọ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni títí a ó fi ka Ìwé Kejì tán, kí a má baà kó ìtìjú bá òun. Ọmọ tí mo lè bí ni Oyèlékè, ṣùgbọ́n bó bá ti mú ṣọ́ọ̀kì dání, mo máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó jókòó níwájú mi. Méjì nínú mẹ́wàá ni mo gbà nínú àpèkọ tó kọjá. Nítorí náà, bí o bá rí ọ̀rọ̀ tó wọ́, ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè bẹ ẹlòmíràn kọ.

Báwo ni Pọtakó? Báwo ni iṣẹ́ epo? Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú àìfojúkanra. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o dúró nígbà tí àwọn tó ṣáájú rẹ kò dúró, òun náà ni yóò máa dúró tì ọ́. Èyí tí à ń gbọ́ pé inú ilẹ̀ ni ẹ ti ń fa epo yẹn, rọra máa tẹ ilẹ̀ níbẹ̀ o, nítorí ohun tí a bá fa inú rẹ̀ tán, ṣe ló máa ń rọ̀ bí àpò òfìfo. Bàbá rẹ ń kí ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, Òṣòdì ni wọ́n ṣì ń lọ jókòó sí láràárọ̀ láti máa wo ọkọ̀ ojú irin, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́, wọn a bínú wálé bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbàgbé sẹ́yìn. Àwọn ayálégbé wa wà ní àlàáfíà, àfi èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aláṣọ, tó ní òun kò ní san owó ilé títí òrùlé yóò fi dákẹ́ ẹkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ará káńsù gbé ọ̀dà dúdú wá, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sára gbogbo ilé àdúgbò wa. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọn kò ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kà á, mo rí i pé mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n kọ sí tiwa. Mo tún wo ti Wàsílátù oníkẹrosíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, pákó ni ilé rẹ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ọ̀mùtí, mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fún un! Ó dùn mí wọ egungun. Mo ti mọ ohun tí máàkì ń jẹ́ báyìí, Oyèlékè ni kò jẹ́ kí n má mọ̀ ọ́n. Ṣé ilé tí bàbá rẹ fi owó rélùwéè kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ níwájú, ni kò tó ilé pákó? Wàsílátù náà kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè mí ní Ìyá Mẹ́tàdínlógójì, ó ní kí n lọ tún ilé mi ṣe, pé káńsù kì í purọ́ mọ́ ènìyàn.

Kò pẹ́ sí i ni ọkùnrin kan tún ti káńsù wá, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀, ó ní òun wá béèrè bí ilé kọ̀ọ̀kan ti rí. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ ti gba ọ̀nà wa, bàtà gogoro ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà Wàsílátù létí títì, ó ní kí àwọn onílé máa wá bá òun níbẹ̀. Bàbá rẹ wà ní Òṣòdì, èmi ni mo lọ. Mo ti sọ fún ara mi pé ìdánwò kejì nìyí, n kò gbọdọ̀ tún féèlì, pàápàá nígbà tí Wàsílátù wà níbẹ̀ tó ń wọn kẹrosíìnì, tó sì na etí.

Ó bi mí pé irú ilé wo ni. Ìwọ náà rò ó wò. Ìyá wo ni wọ́n máa bi nípa ilé tí ọmọ rẹ̀ máa jogún, tí yóò la ẹnu sọ pé ilé náà kò dára? A kì í fi ẹnu ẹni sọ kékeré fún ọmọ, ká má tíì sọ ọmọ tí a bẹ̀ kó tó dúró. O sì ti sọ fún wa ní Kérésì tó kọjá pé o máa wó ilé yìí, o máa fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀. Èyíinì ni mo sọ. Mo ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ó ní yàrá ńkọ́. Mo ka tìrẹ, mo ka ti ìyàwó tí o máa fẹ́, mo ka ti àwọn ọmọ, mo ka ti àlejò. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́. Mo ní ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹni tó wà lókè má baà máa sáré. Ó ní fèrèsé ńkọ́. Mo ní gíláàsì. Àrọ tó fi ń rọ kẹrosíìnì bọ́ lọ́wọ́ Wàsílátù. Ọkùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ilé tó dára ni. Ijó ni mo jó wọlé.

Nígbà tí ìwé dé, iye tó wà lára rẹ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbé e kọjá níwájú ilé Wàsílátù, mo tún gbé e padà kọjá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, mo sì mú un lọ sí kíláàsì kí Tíṣà lè kà á sétí gbogbo ènìyàn. Oyèlékè kà á, ó wá ní kí màmá jókòó ná. Ó ní kì í ṣe máàkì rárá. Ó ní owó orí ilé ni, pé bí ilé bá ti tóbi tó ni káńsù ń bu owó lé e, bí a kò bá sì san án, kóòtù lè ti ilé náà pa, kí wọ́n tà á. Owó orí ènìyàn ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé wọ́n ti rí orí ilé náà.

Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún un dé, wọ́n bi mí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè wo ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí tí n kò fi han àwọn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò lè san án. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò lọ wo ọkọ̀ ojú irin mọ́, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa ògiri ilé kiri bí ẹni ń kí òkú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

A gba ọ́fíìsì káńsù lọ láti wá ibi tí wọ́n kọ ilé wa sí. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Lucy ló dá wa lóhùn. Bàbá rẹ dárúkọ ara wọn, wọ́n ní kó bá àwọn wo ilé Olúbọ̀wálé, ti rélùwéè, ẹni tí gbogbo Ìsọlọ̀ mọ̀. Lucy ní ìwé òun kò mọ ẹni tí gbogbo Ìsọlọ̀ mọ̀, nọ́ńbà ló mọ̀. Mo fi ohùn kékeré dá a lóhùn, mo ní mẹ́tàdínlógójì péré ni wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n a ń gbìyànjú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní kì í ṣe ẹwà ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé wọ́n kàn ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, kí ẹni tó ń wá ilé lè rí i lójú títì, kó sì rí i nínú ìwé. Nígbà tí mo padà sọ ọ́ fún Wàsílátù, ó ní àwáwí ẹni tó féèlì nìyẹn.

Lucy ṣí ìwé ńlá náà, ó kà á sókè: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíláàsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nísàlẹ̀. Dúrósinmí, omi bọ́ lójú mi. Ilé rẹ ló ń kà, nínú ìwé ìjọba, bí ẹni pé o ti kọ́ ọ tán. Lucy rò pé owó ló ń pa mí lẹ́kún, ó ní kí màmá má sunkún, pé kí a ṣáà kọ̀wé pé àṣìṣe ni, wọn á rán ẹni wá wò ó, wọn á sì fagi lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mo ní kí wọ́n má fagi lé e. Bàbá rẹ ní ṣé orí mi pé, ṣé kí àwọn wá máa san owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìdí àwọn kò kàn rí ni. Mo ní bàbá Dúrósinmí, ẹ rántí ìdí tí a fi sọ ọmọ ní orúkọ yìí, n kò lè dúró máa wò kí wọ́n fi bíró fa ìlà kọjá lórí ohun tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún un.  Bàbá rẹ mọ àwọn ọmọ tí a ti sin. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé náà.

Adéjùmọ̀ ni wọ́n rán wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rin ẹrẹ̀ dé ojúlé wa, ó wo páànù, ó wo èmi, ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní màmá, òkè ilé náà dà. Mo ní ó wà ní Pọtakó.

Wọ́n pè wá padà sí ọ́fíìsì káńsù, wọ́n fún wa ní ìwé tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bàbá rẹ gbà á, ojú wọn dán, wọ́n sáré gba Òṣòdì lọ kí ọkọ̀ ọ̀sán má baà kọjá lẹ́yìn wọn. Èmi dúró. Ìgbà tí Lucy gbé ìwé ńlá náà jáde tó ṣí bíró, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó dákun fi pẹ́ńsù fa ìlà náà. Mo ní ní kíláàsì wa, wọn kì í jẹ́ kí ọdún kìíní fọwọ́ kan bíró, nítorí ohun tí kò tọ̀nà lónìí lè tọ̀nà lọ́la. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní ẹyọ kan tó dúró. Ó wò mí, ó yọ pẹ́ńsù tó ki bọ irun rẹ̀, ó fa ìlà kan tó tín-ín-rín bí òwú. Ó ní kí n gbọ́ o, bí pẹ́ńsù yìí bá ṣá, káńsù á tún kó owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá wa. Mo ní àmín.

Nítorí náà, ọmọ mi, kò sí nǹkan kan láàárín ìwọ àti ilé rẹ mọ́ ju ìlà pẹ́ńsù lọ, ó yẹ kí ilé náà dé kí káńsù tó tún dé. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun ní Àpápá, wọn kò rí àyè já ẹrù, bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá ọ̀kan lè ṣìnà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi san èyí tí wọ́n dín kù, kí o fi ti Ìwé Kejì mi kún un, bí ó bá sì ṣẹ́ kù, kí a ra páànù méjì fún ayálégbé elẹ́kún. Ilẹ̀ kò ní jìn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. O ó kọ́lé, o ó gbé e, ìwọ ni yóò sin mí, n kò ní sin ọ́.

Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni o. Bí Oyèlékè bá rí i, á ní n kò gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá gbọ́ pé pẹ́ńsù ni, wọn á mú bíró, wọn á gba ọ́fíìsì káńsù lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.