Ohun Tó Pa Koríko Abẹ́ Fèrèsé Yín

Bàbá Ìléríolúwa,

Mo ti mọ ohun tó ń pa koríko wa. Láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá yín, mo hú èyí tó ti gbẹ, mo sì gbóòórùn rẹ̀. Ìtọ̀ ni. Ẹ̀yin àgbàlagbà ń tọ̀ láti ojú fèrèsé, ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń bá Judith aládùúgbò wa jà nítorí ajá rẹ̀, títí ó fi mú ajá náà lọ sí ìlú Akotogbo. Ó rí mi lára.

Ẹ hú gbogbo koríko tó kú, ẹ da omi púpọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì kó yẹ̀pẹ̀ tuntun sí i. Màá gbin òmíràn ní Sátidé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa bẹ Judith.

Ṣùgbọ́n eèrà ló bo ibẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan da ṣúgà sílẹ̀. Òùngbẹ sì ń gbẹ yín ṣáá láti oṣù tó kọjá. Mo ti pe nọ́ọ̀sì. Ó ní kí ẹ má jẹ nǹkan kan kí wọ́n tó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí náà mo ti kó búrẹ́dì lọ. Ọlọ́kadà á gbé yín wá bá mi ní ọsibítù láago mẹ́wàá òní.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ má pẹ́, ẹ̀rù ń bà mí.

Leah